Ta Ló Pa Kíbọ́ọ̀dù Labeebah Lẹ́nu Mọ́?

Labeebah tẹ kíbọ́ọ̀dù, kò dún. Ó tún un tẹ̀, ó fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lé e bí ẹni tó ń po ìyẹ̀fun, síbẹ̀ kò dún. Iná pupa kékeré tó wà létí rẹ̀ ń tàn. Kọ̀ǹpútà ń mí hìì-hìì lábẹ́ tábìlì. Sípíkà méjèèjì kàn ń wò wá. Ìlù tó yẹ kó jáde nínú wọn kò jáde.

Ọ̀gá Jeffrey, ẹni tó ni sitúdíò náà, dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ká apá mọ́ àyà.

"Mo mọ̀ pé wàá ṣe é," ó ní. "Dìde níbẹ̀. Má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́."

Labeebah ní kó jẹ́ kí òun yẹ̀ ẹ́ wò, Jeffrey ní rárá. Ọmọ náà dìde. Kò sunkún, kò sì bú u. Ó kàn fa hìjáàbù rẹ̀ síwájú, ó lọ fẹ̀yìn ti ògiri.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe débẹ̀. Modinat ni orúkọ mi, Alhaja Aláta ni wọ́n ń pè mí ní Mile 12. Ogójì ọdún ni mo fi ta ata kí n tó fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ mi obìnrin. Ìwé tí mo kà kò ju kíláàsì mẹ́ta lọ, àmọ́ orin kún inú mi dẹ́nu. Bí ọkọ̀ Òkè Ọya bá ń já ẹrù láàárọ̀, èmi ni mo máa ń lé e, àwọn alábàárù á máa gbè é:

Ata dé o, ata dé,
Rodo pupa bí aṣọ ìyàwó,
Ẹ rọra sọ̀ ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ fọ́,
Ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀.

Òun làwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa fi ní kí n lọ gba orin náà sílẹ̀ ní Ìkòsì, kí àwọn ọmọ-ọmọ wa lè máa gbọ́ ọ lórí fóònù. Labeebah ló ń bá mi ṣe é. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, ọmọ Agboyi létí odò, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń wa yanrìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Tó bá ti fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù yẹn, àkùbà á dún, agogo á dún, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á dún, bẹ́ẹ̀ kò sí onílù kankan nínú yàrá. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni mo ti dé. Kelvin, àbúrò Jeffrey, ló ṣílẹ̀kùn fún mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ní Ògùdù. Iná ń ṣẹ́jú, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Mo tọ́jú yàrá díẹ̀, mo jókòó, mo ń kọrin mi. Aago mẹ́wàá ni Labeebah wọlé, Jeffrey sì wọlé tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ kan ti wà nílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì láti àná. Labeebah ní kí wọ́n máa kọ orúkọ òun sára iṣẹ́ tí òun bá ṣe. Jeffrey ní orúkọ sitúdíò ti tó. Labeebah wá ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìka òun lè kọ̀ láti tẹ nǹkan lọ́jọ́ kan. Ọ̀rọ̀ ìbínú lásán ni, ẹnikẹ́ni ló lè sọ ọ́. Àmọ́ nígbà tí kíbọ́ọ̀dù kò dún lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ìbínú di ẹ̀rí. Lójú wa níbẹ̀ ni Jeffrey ti pe Ọ̀gá Enoch, olórí àwọn onísitúdíò láti Kétu dé Òjòtá, ó ní Labeebah ti ba ẹ̀rọ òun jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má gbà á síṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló pe ọlọ́pàá, ó ní Labeebah ti gé ọ̀nà tó so ètò méjì pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ó ní tí aago kan ọ̀sán bá fi lù tí ẹ̀rọ kò tíì dún, àgọ́ ọlọ́pàá ni Labeebah máa bá wọn lọ.

Ẹni tí wọ́n rán wá kò wọ aṣọ ọlọ́pàá. Obìnrin kúkúrú kan ni, ó wọ bùbá àǹkárá lé ṣòkòtò, ó mú ìwé pélébé kan dání. Olúdayọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni. Èmi ló kọ́kọ́ kí, lórí ìkúnlẹ̀, kó tó kí ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Jeffrey bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ọjọ́ tó ti gba Labeebah síṣẹ́. Olúdayọ̀ gbé ìka kan sókè.

"Kí ló dún lánàá tí kò dún lónìí?"

"Madam, ọmọbìnrin yìí ló..."

"Mi ò tíì béèrè ẹni tó ṣe é, sà. Mo ní, kí ló dún lánàá?"

Jeffrey nawọ́ sí kíbọ́ọ̀dù. Olúdayọ̀ yíjú sí Labeebah, ó ní kó sọ bí ìlù ṣe ń rìn láti ìka rẹ̀ dé inú sípíkà. Jeffrey ní ẹni tí a fura sí kò yẹ kó máa ṣàlàyé fún ọlọ́pàá. Olúdayọ̀ ní ẹnu lòun fẹ́, òun kò ní kó fọwọ́ kàn án. Ó ní kí Labeebah dúró síbi ògiri tó wà, kí òun fúnra òun máa tẹ ohun tó bá yẹ ní títẹ̀.

"Ètò méjì ló wà nínú kọ̀ǹpútà yìí, ma," Labeebah ní. "Ètò Ìgbasílẹ̀ ló ń gba ohun tí mo bá tẹ̀, àmọ́ òun kò ní ìlù kankan nínú. Ètò Ìlù ló ni ìlù. Wáyà kan tí ojú kò lè rí ló so àwọn méjèèjì pọ̀ nínú ẹ̀rọ. MIDI ni wọ́n ń pe ohun tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Kì í ṣe ohùn, ma, ìròyìn ni. Á ní, ó tẹ ibí yìí, ó tẹ̀ ẹ́ líle, ó ti gbọ́wọ́ kúrò. Ètò Ìlù ló máa wá sọ ìròyìn yẹn di ìlù."

Mo lu itan mi pà. Mo ní ó yé mi, ó yé mi dáadáa. Kíbọ́ọ̀dù ni ọkọ̀ tó já ẹrù. Ètò Ìgbasílẹ̀ àti wáyà àìrí yẹn ni alábàárù. Ètò Ìlù ni ìsọ̀. Tí ata kò bá dé ìsọ̀, ọ̀kan nínú wọn ló mọ ibi tó wà.

Olúdayọ̀ wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Mama, tí apẹ̀rẹ̀ ata bá sọnù ní Mile 12, ọ̀dọ̀ ta lẹ kọ́kọ́ ń lọ?"

Mo ní ìsọ̀ ni. Ẹni tí kò mọ ọjà ló máa ń sáré lọ dì mọ́ dẹ́rẹ́bà lọ́rùn. Àwa á kọ́kọ́ ká tapólì inú ìsọ̀ wò, bóyá ẹnì kan ti gbé e pamọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà la máa wá alábàárù lọ. Dẹ́rẹ́bà ló máa gbẹ̀yìn. Tí a bá bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ dẹ́rẹ́bà, a ó bá a jà lásán, ata á sì wà nílẹ̀ lẹ́yìn wa.

"Ó dára," Olúdayọ̀ ní. "Ìsọ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀."

Ó jókòó sórí àga Labeebah. Ó ṣí Ètò Ìlù, níbi tí wọ́n ti ya ìlù kéékèèké sójú kọ̀ǹpútà. Ó fi máòsì tẹ àkùbà kan. Gbì! Sípíkà sọ̀rọ̀. Ó tẹ agogo, agogo dún. Ọwọ́ Jeffrey jábọ́ kúrò láyà rẹ̀.

"Ata kún ìsọ̀," mo wí.

Ó wá ṣí Ètò Ìgbasílẹ̀. Ó wá orin mi tí a ṣe lọ́jọ́ Ajé, ó ní kó máa lọ. Ohun tí Labeebah ti tẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gba inú wáyà àìrí kọjá, ó dé Ètò Ìlù, àkùbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ọjọ́ tí a ṣe é. Orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo gbé e:

Ẹ rọra sọ̀ ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ fọ́...

Olúdayọ̀ jẹ́ kí n parí ẹsẹ kan kó tó dá a dúró. "Alábàárù náà kò sá lọ," ó ní. "Ọ̀gá Jeffrey, ẹ ti sọ lórí fóònù pé ó gé ọ̀nà tó so ètò méjèèjì pọ̀. Ọ̀nà náà nìyẹn, kò sí ẹni tó gé e."

Jeffrey ní bóyá kíbọ́ọ̀dù gan-an ló pa. Olúdayọ̀ fi ìka kan iná pupa tó ń tàn lára rẹ̀.

Ibi kan ṣoṣo ló kù báyìí: àárín kíbọ́ọ̀dù àti Ètò Ìgbasílẹ̀. Olúdayọ̀ ń wo ojú kọ̀ǹpútà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wá rí àmì kékeré kan ní igun ìsàlẹ̀, àwòrán ìwé orin. Ó béèrè ohun tó jẹ́. Labeebah na ọrùn, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n, kò sí níbẹ̀ lánàá.

"Ó jọ ètò mìíràn tó ń lo kíbọ́ọ̀dù, ma. Ó ní láti jẹ́ pé ó ń ṣí ara rẹ̀ tí kọ̀ǹpútà bá ti jí. Tí irú rẹ̀ bá kọ́kọ́ di kíbọ́ọ̀dù mú, ó lè má jẹ́ kí ẹlòmíì gbà á."

Olúdayọ̀ tẹ̀ ẹ́, ó ṣí. Orin ìsìn ló kún inú rẹ̀. Ojú Jeffrey yí padà, ó ní Kelvin wà nínú choir. Wọ́n pe Kelvin, wọ́n gbé fóònù sórí tábìlì kí gbogbo wa lè gbọ́ ọ.

"Ta ló fi ètò orin ìsìn sórí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n rẹ?"

Kelvin rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Madam, abeg, ṣé Bro Jeff wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbí."

"Hẹn. Èmi ni. Mò ń kọ́ orin Sunday ni. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Ó ní aago méje lòun ti wọlé, òun tẹ kíbọ́ọ̀dù títí di aago mẹ́sàn-án, ó ń dún dáadáa. Ìgbà tí Alhaja dé lòun jáde. Mo ti ń rẹ́rìn-ín sí Labeebah, mo rò pé ó ti tán. Olúdayọ̀ pa ètò orin ìsìn náà, ó tún Ètò Ìgbasílẹ̀ ṣí, ó ní kí Jeffrey fúnra rẹ̀ tẹ kíbọ́ọ̀dù.

Ó tẹ̀ ẹ́. Kò dún.

Jeffrey tún ká apá mọ́ àyà. Labeebah di ojú. Aago ara ògiri ti kọjá méjìlá àbọ̀.

Olúdayọ̀ kò yára. Ó gbé ìwé rẹ̀ sórí orúnkún, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́.

"Aago mẹ́sàn-án, ó dún. Aago mẹ́wàá, kò dún."

"Aago mẹ́wàá ni òun dé," Jeffrey ní.

"Mama, nígbà tí Labeebah wọlé, kí ló ṣe?"

Mo rò ó dáadáa, nítorí mi ò fẹ́ parọ́ ràn án lọ́wọ́. Mo ní ó gbé báàgì kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó tan kọ̀ǹpútà, ó tẹ kíbọ́ọ̀dù, kò dún. Kò dé ẹ̀yìn tábìlì rárá.

"Ó tan kọ̀ǹpútà? Ṣé ó ti kú nígbà tó dé ni?"

"Ó ti kú."

Kelvin ṣì wà lórí fóònù. Olúdayọ̀ bi í bóyá òun ló pa á kó tó jáde. Ó ní rárá, títàn lòun fi í sílẹ̀. Olúdayọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, ó wá ní kí Labeebah júwe ibi tí Ètò Ìgbasílẹ̀ ń kọ orúkọ àwọn tó ń gba ìròyìn lọ́wọ́ wọn sí.

Labeebah ń júwe, Olúdayọ̀ ń tẹ̀. Ojú ìwé kan ṣí. Orúkọ kíbọ́ọ̀dù wà lórí ìlà kìíní, wọ́n fàmì sí i, àmọ́ ó ti funfun bí eérú. Lórí ìlà kejì, orúkọ kan náà ni, wọ́n wá kọ èéjì síwájú rẹ̀. Ìyẹn mọ́lẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí àmì kankan lára rẹ̀.

Labeebah mí kanlẹ̀. "Ma, kọ̀ǹpútà rò pé kíbọ́ọ̀dù tuntun ló dé. Tí wọ́n bá fa wáyà rẹ̀ yọ, tí wọ́n wá kì í bọ ihò mìíràn, orúkọ mìíràn ló máa ń fún un. Ètò Ìgbasílẹ̀ ṣì ń dúró de ti àtijọ́."

Olúdayọ̀ tan iná fóònù rẹ̀, ó wọ abẹ́ tábìlì lórí ọwọ́ àti orúnkún. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó máa jáde, jàǹkáriwọ̀ wà lórí irun rẹ̀, okùn pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gbogbo wáyà ẹ̀yìn ẹ̀rọ yìí ni ẹnì kan ti kó pọ̀, tó dì wọ́n bí irun ọmọge," ó ní. "Okùn ara àpò àlùbọ́sà ló fi dì wọ́n. Àwọn onísitúdíò kì í lo irú rẹ̀." Ó kúnlẹ̀ síwájú mi, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Mama, nígbà tí iná ń ṣẹ́jú láàárọ̀, kí lẹ ṣe?"

Mo wo okùn náà, mo mọ̀ ọ́n: tèmi ni.

Ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe ni mo ṣe. Ní ìsọ̀ wa, tí iná bá ti ń ṣẹ́jú, a kì í dúró wò ó. Gbogbo ohun tó bá wọ ara ẹ̀rọ, ńlá àti kékeré, la máa ń fà yọ, títí iná á fi dúró sójú kan. Iná tó padà dé pẹ̀lú ìbínú ló jó fírísà mi ní èṣí. Mo rí i pé ẹ̀rọ àwọn ọmọ yìí fẹ́ jó, mo fa gbogbo rẹ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kó wọn lé ẹsẹ̀, mo ń kọrin fún wọn. Nígbà tí iná dúró, mo kì wọ́n padà. Wọ́n sì rí játijàti, ni mo bá fi okùn inú pọ́ọ̀sì mi dì wọ́n. Aláta wo ni kì í ní okùn lọ́wọ́?

"Ihò wo lẹ ki ti kíbọ́ọ̀dù bọ̀, Mama?"

"Èyí tó bá gbà á, ọmọ mi. Mo rò pé ihò kan náà ni gbogbo wọn."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo máa ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo nǹkan, mi ò lè rín. Mo ti jókòó níbẹ̀ láti aago mẹ́wàá, mò ń káàánú ọmọ ọlọ́mọ, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ mi ló tì í mọ́ ògiri. Mo dìde, mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún un. Orúnkún mi kò tíì kanlẹ̀ tí Labeebah fi gbá mi mú.

"Mama, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ẹ ò fẹ́ kí ẹ̀rọ wa jó ni."

Omi ti wà lójú rẹ̀ báyìí. Nígbà tí wọ́n ń bú u, kò sunkún.

Olúdayọ̀ ní kó bọ́ sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti di òmìnira. Labeebah yọ àmì kúrò lára orúkọ àtijọ́, ó fi í sára èkejì. Ó nawọ́, ó tẹ kíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú ìka kan péré.

Gbì. Ó tún fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Gbì-gbà, gbì-gbà-gbì. Mo ti ń jó kí n tó mọ̀.

Jeffrey ti jókòó sórí àpótí kan, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní ẹni tí òun kọ́kọ́ gbà síṣẹ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn kó gbogbo orin àwọn oníbàárà sínú flash kan, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà, tí nǹkan bá ti dákẹ́ nínú yàrá yìí, ó máa ń ṣe òun bíi pé ẹnì kan tún ti ń lọ. Ó ní ká ní òun jẹ́ kí Labeebah yẹ ẹ̀rọ wò láàárọ̀, ì bá ti rí i láàárín ìṣẹ́jú méjì. Olúdayọ̀ kò bá a wí. Ó ní ìdí nìyẹn tí òun kì í fi béèrè ẹni tó ṣe é kí òun tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Jeffrey nu ojú, ó dìde. "Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ orin Mama."

"Kò tíì yá, sà," Olúdayọ̀ ní. "Ẹ sọ lórí fóònù pé ẹ ti pe Ọ̀gá Enoch. Ẹ tún un pè lójú wa."

Ó pè é. Ó ní òun fura sí Labeebah láìtọ́ ni, ọmọ náà kò ba nǹkan kan jẹ́, wáyà ni wọ́n kì bọ ihò mìíràn. Àtisọ ọ́ kò rọrùn fún un. Ohùn Ọ̀gá Enoch jáde látinú fóònù, gbogbo wa gbọ́ ọ.

"Jeff, ṣé ọmọ náà ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ yín, sà," Labeebah ní.

"Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa níbí, a máa ń kọ orúkọ wọn sára iṣẹ́ wọn o. Tí o bá ti ṣe tán, wá wò wá."

Jeffrey gbójú sókè, ó ń wo Labeebah. Gbogbo wa ló ń wò ó. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá Enoch, ó ní òun ní orin Alhaja kan lọ́wọ́ báyìí, òun máa parí rẹ̀ ná, òun á wá mọ ibi tí òun máa wà lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí fóònù kú, Jeffrey lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Ó wá ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tó ṣe iṣẹ́. Ó tẹ orúkọ mi, ó tẹ orúkọ sitúdíò, ó wá tẹ Labeebah. Ìka rẹ̀ dúró níbẹ̀. Ọdún méjì ló ti bá ọmọ yìí ṣiṣẹ́.

"Labeebah kí ni?" ó béèrè, kò lè wojú rẹ̀. "Kí ni orúkọ bàbá rẹ?"

"Shittu," Labeebah ní.

Ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó sì dìde kúrò lórí àga fún un.